Ìwé Tí Màámi Ní Kí N Kọ sí Àǹtí Síkírá Nítorí Fọ́tò Yìgì

"Yọ orí Sùlé kúrò lọ́rùn ẹ̀, kó o gbé orí Wàsíù lé e! Kí ló le níbẹ̀?"

Bí Màámi ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn láàárọ̀ yìí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Gbogbo Bẹyẹrúnkà ló gbọ́. Ìyá kan tó ń gba iwájú ilé wa kọjá dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i." Ó rò pé wọ́n fẹ́ pa èèyàn ni. Fọ́tò ni wọ́n ń sọ.

Bùọ̀dá Délé onífọ́tò, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Bẹẹrẹ, ló gbé kọ̀ǹpútà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ní, "Màámi, orí kì í ṣe fìlà o."

Màámi ní, "Ìwọ tó o máa ń yọ irorẹ́ lójú àwọn ọmọge, orí ló wá le fún ẹ?"

Sùlé tó ni orí jókòó sórí àpótí, ó fajú ro. Ó ní, "Ẹ ṣáà má jù ú nù, Màámi. Mo ṣì ń lò ó."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi èmi. Màámi wò mí títí mo fi panu dé.

Mi ò mọ ẹni tó máa ka ìwé mi yìí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kó lè yé e, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Àǹtí Síkírá ni àkọ́bí Màámi, èmi Mùnírátù ni àbígbẹ̀yìn. Bùọ̀dá Wàsíù ni ọkọ Àǹtí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀. Mo ṣì ń wọ pátá nìkan káàkiri ilé nígbà tí Bùọ̀dá Wàsíù ti ń ra bísíkíìtì fún mi kí n lè bá wọn pe Àǹtí mi jáde. Nígbà tó yá, Bùọ̀dá Wàsíù lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Wọn ò tíì so yìgì. Màámi ní ojú ń ti òun, pé gbogbo àdúgbò ló ń béèrè ìgbà tí ọmọ òun máa lọ sílé ọkọ. Ọkọ ò lè wálé. Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbí: àbúrò ọkọ jókòó dípò ẹ̀. Sùlé wọ agbádá, ó jókòó lórí àga ọkọ, Àáfà béèrè, ó dáhùn lórúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èmi gbé fóònù sókè kí Bùọ̀dá Wàsíù lè máa wo gbogbo ẹ̀ láti ọ̀hún. Apá mi fẹ́ẹ̀ já. Wọn ò tiẹ̀ yà mí sínú fọ́tò kankan lọ́jọ́ náà. Mo bínú títí ọjọ́ fi lọ.

Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú ẹ̀, àfi ìgbà tí Àǹtí mi fi álúbọ́ọ̀mù yìgì náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé fisa, pé àwọn fẹ́ lọ bá ọkọ àwọn. Èsì padà wá pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n kọ rèé: Ọkùnrin tó jókòó tì ẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun kọ́ lẹni tó o ní o fẹ́ wá bá. Ìwọ ìyàwó gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan lò ń wò nínú gbogbo fọ́tò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Kò dá wa lójú pé tọkọtaya lẹ̀ ń ṣe.

Àǹtí mi sunkún. Wọ́n ní, "Màámi, mo ní ká dúró dè é, ẹ ò gbà." Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n gba Abẹ́òkúta lọ, wọ́n ti ríṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni wọ́n ń kọ́. Tí Màámi bá pè wọ́n, wọ́n máa ń gbé e o, ṣùgbọ́n "ẹ kú iṣẹ́ mà, mo wà mà, ó dàárọ̀ mà" náà ni. Ó dun Màámi ju kí wọ́n má gbé e rárá lọ.

Lọ́yà tó ń bá wọn ṣe é ní wọ́n lè tún un béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n tí eléyìí bá tún bàjẹ́, kò mọ̀gbà tí ilẹ̀kùn máa tún ṣí. Ó ní kí wọ́n kó ẹ̀rí wá pé ìfẹ́ náà ti pẹ́, òótọ́ sì ni: fọ́tò, ọ̀rọ̀ orí wáàsáàpù, àti ìwé láti ọwọ́ ìyá tó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Sùlé ń lọ sí Abẹ́òkúta lọ́tùúnla, òun ló máa kó gbogbo ẹ̀ dání.

Màámi ní, "Èmi ò lè kọ̀wé sí ẹni tí mi ò mọ̀. Kí ni n ó ní? Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba? Ọmọ mi ni n ó kọ̀wé sí. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n kà á."

Màámi ò mọ̀wé. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, mi ò parí ilé-ìwé girama, ẹnu iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo wà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà nílé. Inú ìwé tèmi ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí ná, torí ẹnu Màámi yá ju ọwọ́ mi lọ. Tí mo bá ń dà á kọ, màá yọ tèmi kúrò. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́, èmi ni mo sọ ọ́.

Síkírátù Àyìnkẹ́, ìwọ tí mo kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn mi mọ bí ọmọ ṣe ń wúwo,

Ìyá ẹ ló ń sọ̀rọ̀, àbúrò ẹ ló ń kọ ọ́. Tí o bá rí àṣìkọ, òun ni. Tí o bá rí ọ̀rọ̀ tó korò, èmi ni. O kú iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ, wọ́n sì ń tọ̀ sí ẹ lára. Báyìí náà ni ìwọ ṣe tọ̀ sí èmi.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn mi. Mo fẹ́ máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà dà sílẹ̀.

Èkíní. Máa wo ọkọ ẹ dáadáa. Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá ẹ, wọ́n ti kọ́ mi pé ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í wojú ọkọ. Mo bá gbé oúnjẹ fún un, mo wolẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀, mo wolẹ̀. Kò síhò tó wà nílẹ̀ ilé yẹn tí mi ò mọ̀. O mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá ẹ ń wà lọ sí Òkè Ọya, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Lọ́jọ́ kan làwọn ará gáréèjì wá sílé pé ọkọ̀ kan ṣubú lọ́nà Jẹ́bbà, wọn ò dá dírẹ́bà tó wà nínú ẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ọkọ yín ní àpá lójú? Apá ọ̀tún ni àbí tòsì? Eyín ẹ̀ pé?" Àyìnkẹ́, mi ò mọ̀. Mo ti bí ìwọ fún ọkùnrin yẹn, mi ò mọ̀ bóyá eyín ẹ̀ pé. Aládùúgbò kan ló bá mi dáhùn gbogbo ẹ̀. Ìyá ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó lèyí àbí àlejò?"

Bàbá ẹ kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọlé, ó ní kí ló dé tí gbogbo yín ń wò mí báyìí. Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti ń wò ó. Mo wò ó títí Ọlọ́run fi pè é. Eyín kan ló yọ, lókè, lápá òsì. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà tó bá ń súfèé.

Nítorí náà, tí àwọn oní fisa bá pè ẹ́ lórí fóònù pé kí ni ọkọ ẹ fẹ́ràn, kí ni kì í jẹ, ẹ̀gbẹ́ wo ló ń sùn sí, má tijú, má sì bínú. Èmi náà bínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ní ta ló ń béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ ọlọ́kọ ń sùn sí. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá ọkọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ohun kékeré ló máa béèrè.

(Mo bi Màámi pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ẹ mọ ohun tí Bùọ̀dá Wàsíù kì í jẹ?" Wọ́n ní, "Irú. Ó ní ó ń rùn bíi bàtà òjò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo sè é, á gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn, á ní 'Màámi, ó dùn.' Fi ìyẹn náà sí i." Mo fi sí i.)

Ìwọ tí mi ò mọ̀, tó o bá ń ka ìwé ọmọ mi, jókòó kó o gbọ́. Mo mọ Wàsíù. Ọ̀rányàn ni ilé wọn. Iṣẹ́ iná ló kọ́. Iná ilé wa ló kọ́kọ́ wá tún ṣe, iná náà wá ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rò pé wáyà ti gbó ni. Bàbá Síkírátù ló ní, "Obìnrin yìí, wáyà kọ́ ló ń kú, ọmọkùnrin yẹn ni." Nígbà tí bàbá náà ṣaláìsí, tí a se sààrà ọjọ́ kẹjọ, táwọn èèyàn jẹun tán tí wọ́n lọ, mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo bá Wàsíù níbẹ̀ tó ká ṣòkòtò sókè tó ń fọ ìkòkò. Mo ní kó máa lọ sílé. Ó ní, "Màámi, ó ku ẹyọ kan." Ìkòkò tó kù ò ṣeé kà. Ó ti bá mi ro ọṣẹ dúdú rí, omi eérú ta sí i lọ́wọ́ òsì, lábẹ́ àtàǹpàkò. Ní kó na ọwọ́ náà kó o wò ó. Àpá yẹn, ilé mi ló ti gbà á.

Èkejì, Àyìnkẹ́ mi, má máa nu ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ dànù lórí fóònù. Ìwà tèmi náà lo jogún. Gbogbo ìgbà tí bàbá ẹ bá lọ, ó máa ń fi igbá kékeré ránṣẹ́ sí mi láti Òkè Ọya, èyí tí wọ́n fín ẹja sí, èyí tí wọ́n fín ẹyẹ. Mo ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ mi l'Ọ́jà'ba, mo ń tà wọ́n. Mo ní igbá ni igbá. Nígbà tó kú, mo wá ẹyọ kan tí n ó máa wò, mi ò rí. Obìnrin oníyọ̀ kan tó rà á lọ́wọ́ mi ṣì ní ọ̀kan, òun ló fi ń wọn iyọ̀. Mo máa ń lọ ra iyọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí iyọ̀ kún ilé. Má jẹ́ kó di pé ìwọ náà ń lọ ra iyọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Wàsíù bá fi ránṣẹ́, ì báà jẹ́ "ṣé o ti jẹun," tọ́jú ẹ̀.

(Mo ní, "Màámi, fóònù wọn ló máa ń kún, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa nù ún." Màámi ní, "Kí ló kún un?" Mo ní, "Fídíò àwọn ọmọ iléèwé wọn." Wọ́n ní, "Kó nu ti àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kó fi ti ọkọ ẹ̀ sílẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá ní, "Èwo ló kàn?" Mo ní ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Ẹ̀kẹta? Mo rò pé a ti dé márùn-ún.")

Ẹ̀kẹta. Ẹ máa jà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnì kan lágboolé ló wá sọ sí mi létí pé bàbá ẹ ti ní ìyàwó sí Kàdúná. Mi ò bi í léèrè. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo gba ilé bàbá tèmi lọ ní Ìdí Arẹrẹ. Bàtà ni bàbá mi ń rán, wọn ò tiẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó jẹ́wọ́?" Mo ní mi ò bi í. Wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kó o tó dá a." Wọ́n ní kí n jẹun, kí n tẹsẹ̀ mọ́rìn padà sílé ọkọ mi kó tó pẹ́ jù. Mo padà, a jà. A jà débi pé àwọn ẹyẹlé orí páànù fò lọ sílé onílé. Kò sí ìyàwó ní Kàdúná, obìnrin tó ń gbọ́únjẹ fún gbogbo àwọn dírẹ́bà ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ilé mi ni mo wà. Àlejò kì í bá onílé jà.

Lọ́yà ẹ ní kí ẹ má yọ ìjà yín kúrò nínú ọ̀rọ̀ wáàsáàpù tí ẹ fẹ́ kó fún àwọn oní fisa. Nígbà tí Sùlé sọ ọ́ fún mi, mo ní ṣé a ń fi ìdọ̀tí ilé han àlejò ni. Mo ti rò ó wò báyìí. Jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí wọ́n sì rí i pé ẹ máa ń parí ẹ̀.

Ìwọ náà, Àyìnkẹ́, bá mi jà. "Mo wà mà, ó dàárọ̀ mà" yẹn, àlejò ló ń kí mi bẹ́ẹ̀.

(Níbí, Màámi ní kí n dáwọ́ dúró ná. Wọ́n ní kí n lọ wo iná ọṣẹ wọn lẹ́yìnkùlé bóyá ó ti kú. Kò kú. Mo dúró díẹ̀ níbẹ̀, mo ń ti igi tí kò yẹ ní títì. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti nu ojú wọn, wọ́n ní eérú ló ta sí wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la wà, eérú ò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀kẹrin. Má yá ohun tí kì í ṣe tìẹ lò láti fi mú ara ẹ wuyì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ kí àwọn ẹbí bàbá ẹ, mo yá ṣéènì góòlù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́mọ oníbàtà. Ìyá ọkọ mi fọwọ́ kàn án, ó ní ó mà dáa o. Mo ní ti ìyá mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ọ̀rẹ́ mi fi yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹni tó ni ṣéènì yẹn ti wá a délé wa o, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ." Òun náà yá a ni. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọ nǹkan tuntun báyìí, ìyá ọkọ mi á ní, "Ṣé tìẹ nìyẹn?" Ìró tí mo fi owó ara mi rà, "Ṣé tìẹ nìyẹn?" Ohun tí irọ́ ń ṣe rèé. Kì í ba ara ẹ̀ nìkan jẹ́. Ó ń ba òótọ́ tó bá jókòó tì í jẹ́. Ẹtọ́ ẹni ní í yẹni. Bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a.

(Mo gbé báírò sílẹ̀. Àpòòwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí ẹní, fọ́tò tí Sùlé lọ gbà wá láti Bẹẹrẹ lọ́sàn-án wà lórí ẹ̀. Bùọ̀dá Wàsíù pupa, Sùlé dúdú. Ojú pupa, ọrùn dúdú, ọwọ́ dúdú. Orí náà kéré sí agbádá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí kò sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Mo ní, "Màámi, fọ́tò yìí ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé irọ́..."

"Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣé ọkọ ẹ̀ kọ́ ni? Ṣé orí àga ẹ̀ kọ́ ni? Mo kàn dá a padà sáyè ẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n wọn ò sí níbẹ̀, mà. Inú fóònù ni wọ́n wà."

Màámi ní, "Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. Tí mo bá ń lọ sọ́jà, àwọn kan á máa bi mí: 'Ìyá Síkírá, ṣé ẹ ti ṣaájì àna yín?' Mùnírá, ṣé àna ni wọ́n ń ṣaájì? Kọ ohun tí mo ní kó o kọ."

Mo gbé báírò.)

Ó ku díẹ̀, kí n dákẹ́, Alásárì ti fẹ́ pé. Àyìnkẹ́, mo kánjú lórí yìgì ẹ. Ẹnu ayé ni mo sá fún. Mi ò ní kó o má bínú sí mi. Mo ní kó o wá bínú nílé, níbi tí mo ti lè gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí bàbá ẹ máa ń gbà lọ, tó tún máa ń gbà bọ̀, kí Ọlọ́run là á fún ìwọ náà, kó sì má dí i lẹ́yìn ẹ. Ó dá mi lójú pé wàá lọ. Mo ti ń fi ọṣẹ tìẹ sọ́tọ̀, èyí tí kò ní máa jò nínú ẹrù. Tó o bá dé ọ̀hún, wo Wàsíù lẹ́nu fún mi, kó o sọ fún mi bóyá eyín ẹ̀ ṣì pé.

Mo fi fọ́tò yìgì kan sínú ẹ̀.

Èmi ni ìyá ẹ, ọlọ́ṣẹ Ọjà'ba, ní ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, níbi tí wọn ò tíì fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì ẹ.

Ó parí síbẹ̀. Màámi ní kí n kà á fún àwọn látòkèdélẹ̀. Mo kà á. Wọ́n ní kò burú, pé ó dà bí ẹni pé àwọn mọ̀wé. Wọ́n gbé kẹ́tùrù, wọ́n lọ ṣàlùwàlá.

Ó ku èmi nìkan báyìí, kí n sọ tèmi.

Lọ́jọ́ tí ìwé fisa padà wá pé kò ṣeé ṣe, gbogbo ilé ń sunkún, inú mi dùn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Àǹtí mi ló ń dirun fún mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwọn ló ń bá mi parọ́ fún Màámi tí mo bá pẹ́ níta. Mo ní wọn ò ní lọ mọ́ nìyẹn. Wọ́n wá lọ sí Abẹ́òkúta. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ ọkọ wọn, wọn ò sì sí lọ́dọ̀ mi. Fisa tí wọn ò fún wọn ò dá wọn padà fún mi. Ó wulẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí ẹnì kankan ò fẹ́ kí wọ́n wà ni.

Láàárọ̀, nígbà tí Bùọ̀dá Délé ń wá fọ́tò tó dáa jù nínú kọ̀ǹpútà, tí Màámi ń pariwo orí, èmi ń wo ohun tó ń kọjá. Mo rí fọ́tò náà bó ṣe wà kí wọ́n tó gé e. Àwa ọmọ ò mọ̀ pé wọ́n gé e. Mo rọra béèrè, Bùọ̀dá Délé ní, "Màámi ló ní kí n gé ẹ̀gbẹ́ yẹn kúrò nínú gbogbo ẹ̀, pé fóònù ò gbọdọ̀ hàn nínú fọ́tò yìgì ọmọ òun. Gbogbo ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Nínú èyí tí wọn ò gé, Sùlé jókòó sáyè ẹ̀ nínú agbádá, orí ẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́, apá kan wọlé, ó gbé fóònù sókè. Bùọ̀dá Wàsíù wà nínú fóònù náà, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ń fi apá aṣọ nu ojú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi kò wo Sùlé. Wọn ò wo Àáfà. Fóònù yẹn ni wọ́n ń wò. Nínú gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń wò ó, lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ̀gbẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ní wọ́n ń wò, ọkọ wọn ló wà níbẹ̀, àwa la gé e kúrò.

Apá tó gbé fóònù, tèmi ni. Làálì wà lọ́wọ́ náà. Èyí tó kù nínú àwo, lẹ́yìn tí wọ́n ti kùn ún fún ìyàwó tán, Àǹtí mi ló fà mí lọ́wọ́ tí wọ́n sì fi kùn mí, wọ́n ya òdòdó kékeré kan sẹ́yìn ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n má sunkún mọ́.

Lọ́la, ọ̀gá mi máa rán mi lọ ra òwú ní Bẹẹrẹ. Màá yà sí ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá Délé. Màá ní kí wọ́n bá mi tẹ àwọn tí wọn ò gé. Àwọn ni màá fi sínú àpòòwé, màá sì lẹ̀ ẹ́ pa kí Sùlé tó dé. Èyí tí wọ́n lẹ orí mọ́, màá tì í sínú iná abẹ́ ìkòkò ọṣẹ nígbà tí Màámi bá wà lórí ìrun. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ Màámi padà nínú ìwé. Wọ́n ní àwọn fi fọ́tò yìgì kan sínú ẹ̀, fọ́tò yìgì náà ló máa wà nínú ẹ̀.

Mi ò ní sọ fún Màámi. Mi ò ní sọ fún Sùlé, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé orí òun ti padà sílé. Mi ò ní kọ nǹkan kan sí Àǹtí mi pé èmi ni mo ṣe é. Tí àwọn oní fisa bá wá pe Àǹtí mi, tí wọ́n bi wọ́n ní ohun kékeré, pé ọwọ́ ta ló gbé fóònù yẹn dání, wọ́n á mọ̀ ọ́n.